Òórùn àti Ibi Tí A Ti Gbọ́ Ọ: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-àjò Èkúté Nínú Àpótí Àyẹ̀wò

Ìrìn èkúté kékeré kan ni àkọsílẹ̀ yìí ń tẹ̀ lé, láti ìgbà tó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ibi tí kò mọ̀ rí títí di ìgbà tí òórùn ibẹ̀ fi mọ́ ọn lára. Bí a ṣe ń ṣe é lójúmọ́ la kọ, kí ẹni tó bá fẹ́ lè tẹ̀ lé e. Ohun tó dá wa lójú ni pé ọpọlọ kì í fi òórùn pamọ́ lásán. Ó ń so ó mọ́ ibi tí a ti gbọ́ ọ, ìsokọ́ra yẹn ló sì ń sọ fún ẹsẹ̀ ibi tó yẹ kó tún lọ wò àti ibi tó lè fi sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé èkúté kankan, ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ìtọ́jú ẹranko níbi iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i.

Ìpalẹ̀mọ́

Àpótí náà jẹ́ 50 sẹ̀ǹtímítà ní òòró àti ní ìbú, ògiri rẹ̀ sì ga ní 40 sẹ̀ǹtímítà kí èkúté má baà fò ó. Igi kò dára fún un rárá, nítorí igi a máa mu òórùn sára, a sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Rọ́bà rírọ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gíláàsì tàbí acrylic líle ni kí ẹ lò. Ẹ lẹ páálí funfun kan mọ́ ògiri kan ṣoṣo, kí ojú èkúté lè rí ohun tí yóò fi mọ ìhà tó kọjú sí. Kí kámẹ́rà wà lókè gangan, kó máa ya àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná yàrá kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bíi 15 lux (lux ni a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀) lọ. Bí ó bá mọ́lẹ̀ jù, èkúté á rọ̀ mọ́ ògiri, kò ní dé àárín àpótí.

Afẹ́fẹ́ ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò. Ẹ so fọ́nrán òwú tín-ín-rín kan rọ̀ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì wò ó fún ìṣẹ́jú 2. Bí ọ̀kan bá ń mì, atẹ́gùn ń wọlé láti ara ẹ̀rọ amúlétutù tàbí lábẹ́ ilẹ̀kùn, yóò sì gbé òórùn igun kan lọ bá igun kejì. Ẹ dí ibẹ̀, tàbí kí ẹ gbé àpótí kúrò. Ìgbà tí fọ́nrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dúró jẹ́ẹ́ ni iṣẹ́ tó lè bẹ̀rẹ̀.

Òórùn méjì la máa ń yàn: limonene, tó wà nínú èèpo ọsàn, àti cineole, tó wà nínú ewé yúkálípítọ́ọ̀sì. Ìdí tí a fi so àwọn méjì yìí pọ̀ ni pé bí wọ́n ṣe ń fò wọnú afẹ́fẹ́ sún mọ́ra. Àwọn kan máa ń so eugenol, òórùn kànáfùrù, pọ̀ mọ́ isoamyl acetate tó ń rùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ pípọ́n. Wọ́n á po méjèèjì sí 1%, wọ́n á ní ó ti dọ́gba. Inú ìgò nìkan ló ti dọ́gba. Agbára tí isoamyl acetate fi ń fò wọ afẹ́fẹ́ ju ti eugenol lọ ní ìlọ́po tó lé ní 100, nítorí náà ọ̀kan á kún gbogbo àpótí nígbà tí ìkejì ṣì ń rọra yọ.

Ẹ da 10 máíkírólítà òórùn pọ̀ mọ́ 990 máíkírólítà mineral oil tí kò ní òórùn, 1% nìyẹn. Ẹ kán 20 máíkírólítà rẹ̀ sórí pépà asẹ́ kékeré, kí ẹ fi pépà náà sínú ìgò gíláàsì tí ìdérí rẹ̀ ní ihò, kí èkúté lè gbọ́ òórùn láìfi ahọ́n tàbí ẹsẹ̀ kàn án. Igun mẹ́rin ló wà. Àwọn igun tí kò bá ní òórùn náà gbọ́dọ̀ ní ìgò, mineral oil nìkan ni kó wà nínú wọn. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ bóyá òórùn ni èkúté ń wò tàbí ìgò. Ẹ má kọjá 1% fún cineole. Bí ó bá le jù, yóò máa ta imú, iṣan trigeminal tó ń gbé títa àti ìrora ni yóò sì máa jíṣẹ́ dípò iṣan òórùn. Ní ti limonene, afẹ́fẹ́ ń bà á jẹ́, òórùn rẹ̀ á sì yí padà. Ẹ po tuntun láràárọ̀.

Èkúté náà gbọ́dọ̀ ti mọ ọwọ́ tí yóò máa gbé e: ìṣẹ́jú 5 lójúmọ́ fún ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú. Ẹ má fi ìrù gbé e. Hurst àti West fi hàn ní 2010 pé gbígbé e ní ìrù ń mú kí àyà rẹ̀ máa já. Kí ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ inú ọ̀pá oníhò, tàbí kí a fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bù ú, ló dára. Òórùn ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà wà lára ohun tí èkúté ń gbọ́. Ní 2014, àwọn tó ń bá Jeffrey Mogil ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì McGill jábọ̀ pé òórùn ọkùnrin, kódà lára ẹ̀wù tó ti bọ́ sílẹ̀, ń kó wàhálà bá èkúté. Ẹnì kan náà ni kó ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìfi lọ́fínńdà sára.

Ọjọ́ Kìíní: àpótí òfìfo

Ìgò mẹ́rin, igun mẹ́rin, mineral oil nìkan. Ìṣẹ́jú 10.

Ìdúró ni ìrìn máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Èkúté á na ọrùn síwájú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á dúró gírí níbi tí a gbé e sí, imú á máa lọ sókè sódò. Nígbà tó bá yá, á súré bá ògiri, á sì máa fi irunmú ra á bó ṣe ń lọ. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, igun kan á ti di ilé: ibẹ̀ ló ti ń fọwọ́ nu ojú, ibẹ̀ ló ń padà sí. David Eilam àti Ilan Golani ṣàpèjúwe irú èyí ní 1989 lára eku (rat, tó tóbi ju èkúté wa lọ). Bó bá ń jáde nílé, á máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, á máa dúró lọ́nà. Bó bá ń padà, eré ni, á sì gba ọ̀nà tààrà.

Ẹ kọ igun ilé yìí sílẹ̀ kí ẹ tó pa kámẹ́rà. Bí ẹ bá fi òórùn síbẹ̀ lọ́la, yóò dà bíi pé èkúté fẹ́ràn òórùn náà, bẹ́ẹ̀ ilé rẹ̀ ló fẹ́ràn.

Nínú ọpọlọ, hippocampus, apá tó wà fún ìrántí àti mímọ ibi, ti ń ya máàpù. John O'Keefe àti Jonathan Dostrovsky ni wọ́n jábọ̀ ní 1971 pé sẹ́ẹ̀lì kan ń bẹ níbẹ̀ tí kì í ké (ìyẹn ni pé kì í rán àmì iná mànàmáná jáde) àfi bí ẹranko bá dé ibi kan pàtó. Place cells là ń pè wọ́n. Ní 2005, àwọn tó ń bá May-Britt àti Edvard Moser ṣiṣẹ́ ní Trondheim, ní Norway, jábọ̀ grid cells, tó wà nínú medial entorhinal cortex, ẹkùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ hippocampus, tí ibi tí wọ́n ti ń ké sì tò bí onígun mẹ́ta mẹ́ta káàkiri ilẹ̀. O'Keefe àti tọkọtaya Moser ló gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014. Bí máàpù yìí ṣe ń hù, imú náà ń yára. Èkúté tó ń sinmi ń fa imú ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá. Bó bá ń yẹ ibi tuntun wò, ó lè dé ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Theta, ìlù tí hippocampus ń lù bí ẹranko bá ń rìn, wà láàárín 4 sí 12 ní ìṣẹ́jú àáyá, inú ààlà kan náà. Ìlù méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń dọ́gba lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí ìṣẹ́jú 10 bá pé, ẹ fi omi àti ọṣẹ aláìlóòórùn nu ilẹ̀ àpótí, lẹ́yìn náà ẹtanọ́ọ̀lù 70%, kí ẹ sì dúró kó gbẹ dáadáa. Ẹtanọ́ọ̀lù tí kò tíì gbẹ jẹ́ òórùn fúnra rẹ̀. Ìtọ̀ tí èkúté ń kán sílẹ̀ bó ṣe ń rìn ni a ń nù. A óò padà sí ìtọ̀ yẹn ní ọjọ́ karùn-ún.

Ọjọ́ Kejì: òórùn méjì, igun méjì

Limonene ní igun kan, cineole ní igun kejì, ilé kò sí nínú wọn. Bí ẹ bá ní ju èkúté kan lọ, ẹ yí igun padà láàárín wọn, kí igun kan má baà máa bá òórùn kan rìn fún gbogbo wọn. Ìṣẹ́jú 10 náà ni. Bí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, òórùn á ti tàn káàkiri àpótí, kò ní sí igun tó yàtọ̀ mọ́.

Ẹ ka ìgbà tí imú bá wà láàárín 2 sẹ̀ǹtímítà sí ìgò, tó sì kọjú sí i. Èkúté tó gun orí ìgò láti wo òkè kì í ṣe ẹni tó ń gbọ́ òórùn, ẹ má kà á. Ẹ máa rí i pé ó sún mọ́ ìgò, ó sá sẹ́yìn, ó tún na ọrùn padà. Eku kò nílò àkókò púpọ̀ láti mọ òórùn: Naoshige Uchida àti Zachary Mainen fi hàn ní 2003 pé fífa imú ẹ̀ẹ̀kan tó fún un láti mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì, láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Tí ó bá wá dúró pẹ́ nídìí ìgò tuntun, kì í ṣe pé kò tíì mọ ohun tó ń rùn. Ó ń kọ́ ibi tí ohun náà wà.

Ibí ló yẹ kí a ti tẹ̀ lé òórùn náà wọlé. Èkúté ní apilẹ̀ àbùdá tó tó 1,000 fún gbígba òórùn, ènìyàn ní nǹkan bíi 400 tó ń ṣiṣẹ́. Linda Buck àti Richard Axel ló ṣàwárí ìdílé apilẹ̀ yìí ní 1991, wọ́n sì gba Nobel fún un ní 2004. Sẹ́ẹ̀lì imú kọ̀ọ̀kan ń lo ẹyọ kan péré nínú wọn. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó ń lo irú kan náà ń fi okùn wọn ránṣẹ́ pàdé ní nǹkan bí ojú méjì péré lórí olfactory bulb, ibi àkọ́kọ́ tí òórùn ń dé nínú ọpọlọ. Láti ibẹ̀, iṣẹ́ náà bọ́ tààrà sínú àwọn ẹkùn ọpọlọ tó ń gba òórùn: piriform cortex, anterior olfactory nucleus àti lateral entorhinal cortex. Ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba thalamus, ibùdó tó ń pín ìròyìn nínú ọpọlọ, kọjá. Òórùn kò ní láti gba ibẹ̀. Láti imú dé ẹnu ọ̀nà hippocampus, ìpààrọ̀ díẹ̀ péré ló wà.

Entorhinal cortex ni ẹnu ọ̀nà yẹn, apá méjì ló sì ní. Apá medial ń mú ìròyìn ibi wá, apá lateral ń mú ìròyìn nǹkan wá, òórùn sì wà nínú rẹ̀. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ló wù wá jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: ẹ mú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ní dentate gyrus, apá kan nínú hippocampus, kí ẹ wo ẹ̀ka rẹ̀. Okùn tó ń ti lateral bọ̀ so mọ́ ìdá tó wà lókè pátápátá lórí ẹ̀ka náà, okùn tó ń ti medial bọ̀ so mọ́ ìdá àárín. "Kí ni" àti "níbo" jókòó lórí ẹ̀ka kan náà. Bí méjèèjì bá dé papọ̀, sẹ́ẹ̀lì náà ti gba òórùn àti ibi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kei Igarashi àti àwọn tó ń bá tọkọtaya Moser ṣiṣẹ́ wo èyí lára eku ní 2014, nígbà tí eku ń kọ́ pé òórùn kan túmọ̀ sí kí ó lọ sí ibi kan. Bí eku ṣe ń mọ̀ ọ́n sí i, lateral entorhinal cortex àti apá kan CA1 nínú hippocampus bẹ̀rẹ̀ sí í lù papọ̀ ní ìlù 20 sí 40 ní ìṣẹ́jú àáyá. Nígbà tí eku bá ṣì í, ìbárìn yẹn kì í sí níbẹ̀.

Ọjọ́ Kẹta: òórùn di ohun tó mọ̀

Ohun gbogbo wà bó ṣe wà lánàá. Àkókò tí èkúté ń lò nídìí ìgò á dínkù, ìrìn láti ilé dé igun òdì kejì á máa tọ́ sí i, á sì máa gba àárín àpótí kọjá.

Ẹ má tíì pe èyí ní ìrántí. Èkúté tó ti rẹ̀, tí ẹ̀rù ń bà, tàbí tí imú rẹ̀ dí, yóò ṣe bákan náà. Ní ìṣẹ́jú 2 tó gbẹ̀yìn, ẹ pààrọ̀ ọ̀kan nínú ìgò mineral oil sí òórùn kẹta tí kò gbọ́ rí. Bí ó bá sáré lọ síbẹ̀, tí ó fa imú púpọ̀, ara rẹ̀ dá. Àwọn méjì àtijọ́ ló ti mọ̀. Ìbéèrè kan tún kù: ṣé kì í ṣe pé sẹ́ẹ̀lì imú ló kàn rẹ̀? Bí imú bá rẹ̀ sí òórùn kan, ó máa ń padà bọ̀ sípò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Òru kan gbáko ti kọjá láàárín ọjọ́ kejì àti ìkẹta, nítorí náà inú ọpọlọ ni ohun tó kù wà.

Ọjọ́ Kẹrin: òórùn tí a gbé kúrò nípò

Ọjọ́ yìí ló gba ìṣọ́ra jù. Ẹ fi cineole sílẹ̀ níbi tó wà. Ẹ gbé limonene lọ sí igun tí mineral oil wà tẹ́lẹ̀ tí kì í ṣe ilé, kí ẹ sì fi mineral oil sí ibi tí limonene kúrò. Ìgò tuntun ni kí gbogbo wọn jẹ́, nítorí itọ́ èkúté ti wà lára ìgò àná, bí ẹ bá gbé e, òórùn itọ́ lẹ gbé pẹ̀lú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tuntun fún òórùn kọ̀ọ̀kan.

Kò sí òórùn tuntun nínú àpótí lónìí. Bí ó bá jẹ́ pé òórùn nìkan ni èkúté rántí, yóò kọjá lára méjèèjì bákan náà. Èkúté tí ara rẹ̀ le kì í ṣe bẹ́ẹ̀: yóò fi cineole sílẹ̀, yóò sì dúró pẹ́ nídìí limonene tó wà níbi tí kò yẹ kó wà. Ẹ ka igun tí limonene kúrò níbẹ̀ náà. Èkúté á dé ibẹ̀, á fa imú sí ilẹ̀ níbi tí kò ti sí nǹkan kan, á yí po, á tún padà wá. Bí ẹ ò bá ka igun yìí, ìdajì àbájáde yín ti bọ́ lọ.

Afif Aqrabawi àti Jun Chul Kim ní Yunifásítì Toronto ló ṣàlàyé ọ̀nà tí èyí ń gbà ṣẹlẹ̀, ní 2018. Hippocampus ń fi okùn ránṣẹ́ padà sí anterior olfactory nucleus, tó wà lẹ́yìn olfactory bulb gan-an. Nígbà tí wọ́n pa okùn yẹn lẹ́nu mọ́ lára èkúté, ìrántí ibi tí òórùn ti wá bàjẹ́. Okùn mìíràn lọ́tọ̀ ló ń gbé ìrántí ìgbà tí a gbọ́ ọ. Èkúté bẹ́ẹ̀ ń gbọ́ òórùn dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń padà lọ fa imú sí ohun tó ti mọ̀ bí ẹni pé kò rí i rí. Iṣẹ́ kì í ti imú lọ sí máàpù nìkan. Máàpù náà ń ránṣẹ́ sí imú, láti sọ ohun tó yẹ kó máa retí níbi tó wà.

Ọjọ́ Karùn-ún: òkùnkùn

Ẹ pa gbogbo iná, kí kámẹ́rà máa fi infrared ríran. Ojú èkúté kò rí i. Cineole àti limonene padà sí igun tí wọ́n wà ní ọjọ́ kejì. Ìdajì èkúté, ẹ nu ilẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó wọlé. Ìdajì yòókù, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rìn fún ìṣẹ́jú 5 nínú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ sì pa iná láìnu ilẹ̀.

Etienne Save, Ludek Nerad àti Bruno Poucet ṣe irú èyí fún eku ní 2000, wọ́n sì ń gbọ́ place cells. Nínú òkùnkùn, tí wọ́n bá nu ilẹ̀, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ń ké ń yẹ̀ kúrò. Tí wọ́n bá fi òórùn tí eku fúnra rẹ̀ ti fi sílẹ̀ síbẹ̀, máàpù lè dúró. Ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ ọjọ́ kìíní fi ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá ń gbàgbé nu ilẹ̀ láàárín èkúté méjì ti fi máàpù èkúté àkọ́kọ́ lé ìkejì lọ́wọ́.

Èkúté tún ní ọ̀nà kejì: ó ń ka ìṣísẹ̀ ara rẹ̀. Ìkà yẹn ń kó àṣìṣe jọ bó ṣe ń lọ jìnnà, bí ẹni tó ń ka ẹsẹ̀ nínú yàrá tó ṣókùnkùn tí yóò fi ọwọ́ kan férémù ilẹ̀kùn kó tó mọ ibi tó dé. Òórùn tó mọ̀ ni férémù náà. Walter Fischler-Ruiz, Larry Abbott, Richard Axel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn ní 2021, nínú ọ̀nà orí kọ̀ǹpútà tí èkúté ń rìn, pé òórùn tó wà ní ojú kan pàtó ń di àmì ọ̀nà, pé láti ibẹ̀ ni place cells ti ń tàn kọjá lọ sí ibi tí kò sí àmì kankan.

Ọjọ́ Kẹfà

Ìsinmi. Ẹ fọ ìgò, ẹ gbé àpótí síta kí afẹ́fẹ́ lù ú, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹlòmíràn tí kò mọ òórùn tó wà ní igun wo ka fídíò.

Ọjọ́ Keje: ìkòríta

Àpótí kò wúlò mọ́ lónìí. Ojú ọ̀nà alápá mẹ́rin, tó ga kúrò nílẹ̀, ni a ń lò. Òórùn á jáde ní òpin apá kan, ẹranko á sì lọ gba omi ní òpin apá mìíràn tí òórùn yẹn ń tọ́ka sí. Ẹ̀kọ́ yìí ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ọjọ́ keje ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lásán, ìrìn ní apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìsí òórùn. Ẹ má kánjú fi òórùn kún un kí ẹranko tó máa rìn láìdúró, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò so òórùn mọ́ ìbẹ̀rù ibi gíga.

Irú ọ̀nà yìí ni Cindy Poo, Zachary Mainen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lò fún eku ní Lisbon, iṣẹ́ wọn sì jáde ní 2022. Inú piriform cortex, ẹkùn tí gbogbo ènìyàn gbà pé òórùn nìkan ló wà fún, ni wọ́n ti gbọ́ sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n bá àwọn kan tó ń sọ òórùn, bí a ti ń retí. Wọ́n sì bá àwọn mìíràn tó ń sọ ibi tí eku wà, kódà nígbà tí kò sí òórùn tó ń jáde. Láti ìgbà yẹn, a kì í sọ mọ́ pé òórùn ń lọ bá máàpù níbì kan. Máàpù ti wà nílé òórùn.

Ọjọ́ Kẹjọ: ènìyàn

Ẹ fi aṣọ bo ojú ẹni tó bá gbà láti ṣe é, kí ẹ dí etí rẹ̀. Orísun òórùn méjì ní apá méjì yàrá ńlá, kí wọ́n má fi iwájú kọ ara wọn tààrà. Ẹ mú un dé ojú kan, kó fa imú fún ìṣẹ́jú 1, kí ẹ mú un rìn yípo títí kò fi mọ ìhà tó kọjú sí mọ́, kí ẹ sì ní kó padà síbẹ̀. Lucia Jacobs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berkeley jábọ̀ ní 2015 pé ènìyàn lè fi òórùn nìkan sún mọ́ ojú náà. Àwọn tí imú wọn dí gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí ẹ óò yẹ̀ wò, kí ẹ lè mọ̀ pé ẹsẹ̀ tàbí ooru fèrèsé kọ́ ló mú wọn débẹ̀.

Louisa Dahmani, Véronique Bohbot àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yẹ ènìyàn 57 wò, wọ́n sì jábọ̀ ní 2018 pé àwọn tó mọ òórùn dáadáa ni wọ́n tún mọ ọ̀nà dáadáa, àti pé ìwọ̀n hippocampus apá ọ̀tún àti nínípọn apá kan nínú orbitofrontal cortex, ẹkùn ọpọlọ tó wà lókè ojú, bá agbára méjèèjì rìn. Ẹkùn entorhinal ni àìsàn Alzheimer máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àìlèdá òórùn mọ̀ àti ṣíṣìnà sì máa ń tètè hàn nínú àìsàn náà. Bí ẹnì kan bá wá kùnà nínú àyẹ̀wò yàrá yìí, imú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: ọ̀fìnkìn, sìgá, ihò imú tó dí, tàbí àrùn kòrónà tó ti ṣe é rí. Ẹ fún un ní òórùn kan ṣoṣo lábẹ́ imú kó sọ ohun tó jẹ́. Bí kò bá lè sọ ọ́, àyẹ̀wò ibi kò tíì bẹ̀rẹ̀.